Wínsíkírìn tí mo fi sórí ọ̀kadà mi nítorí ọ̀nà Abaji

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń gbé oògùn adìẹ láti Gwagwalada lọ sí Kwali àti Abaji, ní agbègbè Àbújá, lórí ọ̀kadà Bajaj Boxer 150 mi. Àlọ kì í ni mí lára. Àbọ̀ ni ìṣòro. Nígbà ọyẹ́, àríwá-ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, apá ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ń bọ̀ láti Abaji máa kọjú sí tó bá ń lọ sí Gwagwalada. Ojú ni mo fi ń gba gbogbo rẹ̀. Eruku á wọ abẹ́ àṣíborí, etí á máa hó, kí n tó dé Kwali ọrùn mi á ti le bí igi. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kínní, ìyàwó mi tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ojú yín pọ́n bí ata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Ẹni tó ń gun ọ̀kadà láàárín àdúgbò nìkan lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti èèyàn kì í bá eré pọ̀ lọ́gbọọgba. Tí eré bá kúrò ní kílómítà 40 ní wákàtí kan tó di 80, eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́rin ni agbára afẹ́fẹ́ tó ń lu àyà. Ẹ wá fi afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń pàdé yín bọ̀ kún un.

Zuba ni mo ti rí wínsíkírìn tòkunbọ̀ kan rà, ìyẹn ike tí wọ́n ń dè síwájú ọ̀kadà láti dí afẹ́fẹ́, tó wá pẹ̀lú apá irin méjì tó ń di hándù mú. Polycarbonate ni ike rẹ̀. Mo fẹ́ ẹ ju irú ike tí wọ́n ń pè ní acrylic lọ nítorí pé ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí òkúta bá bà á, acrylic ní tirẹ̀ yára fọ́. Kí n tó sanwó, mo ti mọ bí hándù mi ṣe nípọn tó: mo wé òwú yí i ká, mo tẹ́ òwú náà sórí rúlà, ó fẹ́ẹ̀ pé sẹ̀ǹtímítà 7. Tí a bá fi 3.14 pín in, hándù náà nípọn tó mílímítà 22, òun náà sì ni wọ́n ṣe apá irin yẹn fún.

Mẹkáníìkì mi, ọmọ Ìlọrin tó jù mí lọ dáadáa, tí mo máa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló bá mi dì í lọ́jọ́ náà. Wákàtí kan kò pé tí a fi parí. Ó rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gùn ún jáde sí títì, tí eré wọ 70, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì bíi pé ẹnìkan di àṣíborí mi mú tó ń gbọ̀n ọ́n. Ariwo pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo padà wá pẹ̀lú ìbànújẹ́ gidi, nítorí owó tí mo ná.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n jókòó sórí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń jókòó tí mo bá ń lọ sọ́nà jíjìn. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó wo ojú mi, ó wo etí òkè ike náà. "Àbúrò, ọ̀kadà ńlá ni wọ́n ṣe èyí fún. Iwájú orí rẹ ló ń ju afẹ́fẹ́ sí." Òtítọ́ ni. Etí òkè rẹ̀ bọ́ sí ọ̀gangan ojú mi gan-an. Tí nǹkan bá rí báyìí, ojú kò lè wo òkè rẹ̀ kọjá, inú ike ni a ó máa wò. Lálẹ́, tí iná tírélà bá bọ́ sára ojú ike tó ti ha, gbogbo rẹ̀ á di funfun. Ọ̀gangan imú ló yẹ kí etí rẹ̀ mọ, kí ojú máa wo òkè rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba orí àṣíborí kọjá.

A gé e. Téèpù bébà ni a kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, kí ayùn má baà ha á, kí a sì lè fi bírò fa ìlà sí i. Sẹ̀ǹtímítà 6 la bù kúrò. Ayùn irin tí eyín rẹ̀ wẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n fi gé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí tí ọwọ́ bá yá jù, ike á gbóná, á sì máa lẹ̀ mọ́ ayùn. Fáìlì àti sáńpépà ni mo fi dán etí rẹ̀ títí tó fi kúnná.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tèmi nìyí. Nígbà tí a ń dì í padà, mo gba sípánà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, mo fún bóòtù kan gan-an nítorí pé ẹ̀rù títì ń bà mí. Mo gbọ́ "kẹ́". Ìlà funfun tín-ín-rín kan yọ láti ẹnu ihò, ó gùn tó èékánná ọmọńdinrín mi. Inú mi bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó mú ẹnu dírílì tó wẹ́ jù lọ, ó lu ihò kékeré sí ìparí ìlà náà gan-an. Ẹnu ìlà tó mú ṣóńṣó ló máa ń ya síwájú, ihò róbótó kì í jẹ́ kó lọ mọ́. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta báyìí, kò tíì kúrò níbẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ike máa ń fẹ̀ nínú oòrùn ju irin lọ, nítorí náà ihò gbọ́dọ̀ tóbi ju bóòtù lọ díẹ̀, kí rọ́bà wà láàárín, kí a sì dáwọ́ dúró ní kété tí rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Ó tún dà á sẹ́yìn díẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti iná iwájú kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè wọlé. Àyè yẹn ló pa ìgbọ̀nrìrì tó kù. Lẹ́yìn náà la yí hándù dópin lápá òsì àti lápá ọ̀tún pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fo èyí o. Tí apá irin bá fa wáyà tí a fi ń fún un ní eré, ẹ́ńjìnnì lè ké sókè fúnra rẹ̀ níbi tí ẹ bá ti ń yí kọ́nà.

Hándù ló gbé wínsíkírìn yìí dání, nítorí náà tí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́, hándù ló máa fà. Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà àkọ́kọ́ tí tírélà kan ya mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti rí tírélà nínú dígí ẹ̀yìn, mo máa ń dín eré kù, màá sì jìnnà sí i. Àṣíborí mi kò kúrò lórí o, ìbòjú rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi èkísà tó rẹ sínú pẹtiróòlù nù ún fún mi. Mo pariwo. Pẹtiróòlù máa ń ba irú ike bẹ́ẹ̀ jẹ́, á ṣú, á sì máa sán wẹ́wẹ́. Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ dà sí i kí eruku ọyẹ́ ṣàn kúrò, lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti aṣọ tó rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ń bọ̀ láti Abaji, eré wà ní 75, ni mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi: ṣàkàṣàkà, ṣàkàṣàkà. Ṣéènì ni. Ó ti dẹ̀, ó sì ti gbẹ, bóyá láti ọjọ́ pípẹ́, afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Kwali, mo fún un, mo ta ọ́ìlì sí i, mo sì gbéra lọ sílé.