Bí A Ṣe Ń Wẹ MRSA Kúrò Lára Ẹni Tó Ti Ilé Ìwòsàn Dé

MRSA ni kòkòrò àrùn kan tí agbára ampiclox àti àwọn oògùn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ká mọ́. Ihò imú ló fẹ́ràn jù, ó sì ń gbé abíyá, ọ̀fun, abẹ́ àti ojú egbò. Ẹni tó wà lára rẹ̀ lè má ṣàìsàn rárá. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tàbí tí wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí i lára, ni kòkòrò náà ń rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè ní kí ẹ fi ọjọ́ márùn-ún wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Ẹ má ṣe ra oògùn apakòkòrò mì nítorí rẹ̀, àfi tí dókítà bá dìídì kọ ọ́.

Imú la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìpara imú mupirocin 2%, ìwọ̀n orí ìṣáná, sórí igi olówùú, ẹ fi pa iwájú ihò imú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rọra fi ìka tẹ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni lóòjọ́, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́. Ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ kẹta, ẹ má sì fi kún ọjọ́ rẹ̀: bí a bá ń lò ó ṣáá, òun náà kò ní ran kòkòrò yìí mọ́.

Ìwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣì í ṣe. Ọṣẹ olómi chlorhexidine 4% la ń lò, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ara. Ẹ wá bu ọṣẹ náà, nǹkan bíi 30 ml (ṣíbí ìjẹun ńlá méjì), sórí aṣọ ìwẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi pa ara láti ọrùn lọ sísàlẹ̀; ẹ má ṣe kánjú ní abíyá, abẹ́ ọmú, ìdodo, àárín itan, ìdí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lára fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó ṣàn án. Bí ẹ bá dà á sínú garawa omi, agbára rẹ̀ ti lọ. Bí ẹ bá sì tún fi ọṣẹ mìíràn wẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ ti bà á jẹ́, nítorí ṣe ló yẹ kó lẹ̀ mọ́ awọ kó máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ fi fọ irun lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ márùn-ún náà.

Kò gbọdọ̀ kan ojú, kò gbọdọ̀ wọ inú etí. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% tí wọ́n ń fi tọ́jú ìwọ́ ọmọ tuntun kì í ṣe èyí. Ó ti ba ojú ọmọ jẹ́ ní Nàìjíríà níbi tí wọ́n ti ṣì í mú bí oògùn ojú. Dettol àti Izal kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí ara bá sú tàbí tí ojú wú, ẹ ṣàn án kúrò kíá, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Tówẹ̀lì, pátá àti aṣọ oorun, lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì bí agbára bá ká a. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n. Ẹ má lo bílíìṣì: àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò ní lọ mọ́ ló máa fi sílẹ̀ níbi tí chlorhexidine bá kàn. Ẹ ju kànìnkànìn àtijọ́ nù.

Ẹ̀yin olùsìn ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní Netherlands, MRSA ń ti ara ẹlẹ́dẹ̀ ran àgbẹ̀, débi pé ilé ìwòsàn ń yẹ imú wọn wò kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ẹni tó bá padà sínú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà yóò tún kó o. Ó dára kí ìwẹ̀ náà súnmọ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì jìnnà sí ẹran títí wọn ó fi ṣe é.

Ọjọ́ márùn-ún kan ṣoṣo lè má tó. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, àwọn 2,121 tó kúrò ní ilé ìwòsàn ní California ni wọ́n pín sí méjì. Ìdajì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì lóṣù fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ń fi omi chlorhexidine 0.12% yọ ẹnu. Àìsàn MRSA fi nǹkan bí 30% dín kù lára wọn.

Bó bá jẹ́ inú ìfun ni kòkòrò wà, irú èyí tí àbájáde àyẹ̀wò ń pè ní ESBL tàbí CRE, ìwẹ̀ yìí kò kàn án. Ọwọ́ fífi ọṣẹ fọ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ ni ààbò ilé.

Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ẹ parí kí wọ́n tó tún fi òwú gba imú fún àyẹ̀wò. Bí oògùn bá ṣì wà níbẹ̀, èsì lè fi irọ́ sọ pé ó ti lọ. Níbi tí egbò bá ṣì ṣí sílẹ̀ tàbí tí rọ́bà ìtọ̀ ṣì wà lára, kì í sábà lọ tán. Ẹ bi dókítà bóyá kí ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́.