Bí àwọ̀ script shell bá dàrú nínú Vim

Ẹ má tíì fọwọ́ kan script náà. Ẹ kọ́kọ́ jáde sí terminal, kí ẹ tẹ `bash -n backup.sh`. Bash yóò ka fáìlì náà láti òkè délẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan tó wà nínú rẹ̀. Bó bá fọhùn, inú script gan-an ni ẹjọ́ wà, ìlà tó bá sì dárúkọ ni kí ẹ lọ wò. Bó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Vim ló ṣì í kà.

Bí kò bá sí àwọ̀ rárá, ẹ tẹ `:syntax on`. Bí Vim bá ní òun kò ní àṣẹ yẹn, vim-tiny, ẹ̀dà Vim kékeré tí kò ní àwọ̀, ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Lórí Debian àti Ubuntu, `sudo apt install vim` ni oògùn rẹ̀.

Bí `$(date)` bá ń pupa láìnídìí, Vim kò mọ irú shell tí ẹ ń kọ ni. Ìlà kìíní pátápátá ni kí `#!/bin/bash` wà, kí ìlà òfìfo kankan má ṣíwájú rẹ̀. Fún fáìlì tí kò ní ìlà yẹn, ẹ fi `let g:is_bash = 1` sínú `~/.vimrc`, fáìlì ètò Vim yín. Ẹ ṣọ́ra fún `#!/bin/sh` o: lórí Debian àti Ubuntu, dash, shell mìíràn tó kéré ju bash lọ, ni yóò ṣiṣẹ́ náà, dash kò sì mọ `[[`.

Èyí tó ń da ènìyàn láàmú jù ni heredoc, ìyẹn ọ̀pọ̀ ìlà ọ̀rọ̀ tí script ń fi fún àṣẹ kan títí yóò fi kan ọ̀rọ̀ ìparí bíi `EOF`. Láti ìlà kan, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ á di àwọ̀ kan ṣoṣo títí dé òpin fáìlì. Ẹ má wá àṣìṣe níbi tí ojú yín wà. Ẹ gòkè lọ síbi tí àwọ̀ ti kọ́kọ́ yí padà:

```
if [ -d "$ibi" ]; then
    cat <<EOF
Iṣẹ́ ti parí
    EOF
fi
```

Ààyè mẹ́rin tó ṣáájú `EOF` ìkẹyìn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ló gbọ́dọ̀ wà, òun nìkan. Àwọn kan á kọ `<<-EOF`, ó dára, ṣùgbọ́n tab nìkan ni ìyẹn ń gbà, kì í gba ààyè. Bí `expandtab` bá sì wà nínú vimrc yín, ààyè ni bọ́tìnì Tab ń tẹ̀ jáde. Ẹ tẹ Ctrl-V kí ẹ tó tẹ Tab. `:set list` á fi hàn yín: tab á di `^I`, òpin ìlà á di `$`. Bí ẹ bá rí `EOF $`, ààyè kan ti fara pamọ́ sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí `EOF^M$`, láti Windows ló ti wá. `:%s/\r$//` á gbá a kúrò.

Àṣẹ tí ẹ dà kọ láti WhatsApp tàbí Word sábà máa ń ní àmì àyọlò tó tẹ̀, “báyìí”. Bash kò kà á sí àmì àyọlò, `bash -n` náà sì lè dákẹ́ lé e lórí. Ẹ gbé cursor lé e, kí ẹ tẹ `ga`: bí 201c bá jáde, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un tẹ̀ fúnra yín.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ fò lọ sísàlẹ̀ fáìlì gígùn ni àwọ̀ ń dàrú, Vim kò ka fáìlì náà láti òkè ni. Ẹ tẹ `:syntax sync fromstart`. Kó lè dúró bẹ́ẹ̀, ẹ kọ `let g:sh_minlines = 500` sínú vimrc; 200 ló máa ń lò tẹ́lẹ̀.