Kí Wọ́n Tó Pààrọ̀ Ìgbáròkó Yín, Ẹ Mọ Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Sí I

Ọdún 19 ni mo ti fi ṣe nọ́ọ̀sì tíátà fún àwọn dókítà egungun. Èmi ni mo máa ń gbé irinṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, èmi náà ni mo máa ń ka ohun tó wà lára páálí sókè kí a tó tú u. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìgbáròkó tàbí orúnkún, tàbí tó jẹ́ òbí yín ló fẹ́ ṣe é, ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀, kí ẹ sì mú sítíkà tó wà nínú páálí rẹ̀ délé.

Wọ́n gbé ìyá kan wá bá wa, ọdún 16 lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ ìgbáròkó rẹ̀ níbòmíì. Ike inú rẹ̀, níbi tí rogodo ti ń yí, ló ti jẹ. Irin tó wà nínú egungun itan ṣì dúró gbọn-in. Ike àti rogodo orí irin nìkan ló yẹ ká pààrọ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì ti sọnù, ìyá ò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí ihò rogodo tuntun ò bá sì bá ọrùn irin tó wà nílẹ̀ mu régí, kò ṣeé fi sí i. La bá fa irin tó ṣì dára yọ. Ibi tí a ti ń fà á ni egungun itan rẹ̀ ti là. Títí dòní ni mò ń rántí ìyá yẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó síwájú dókítà, ẹ kọ́kọ́ béèrè irin tó fẹ́ lò. Bí ẹ bá rí Ti6Al4V lára sítíkà, títáníọ́mù ni, pẹ̀lú àlùmíníọ́mù ìdá 6 àti fànédíọ́mù ìdá 4 nínú 100. Ó fúyẹ́, egungun sì máa ń hù mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í bọ inú itan láìlo sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ìfarakanra máa ń tètè họ ojú rẹ̀, kì í ṣe rogodo dáadáa. CoCrMo ni kóbáàtì àti kúrómíọ́mù. Òun le, ó ń dán bíi dígí, òun ló sì pọ̀ jù nínú orúnkún. 316L ni irin aláìdógùn-ún tí wọ́n sábà fi ń to egungun tó ṣẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ dáadáa, kóbáàtì náà sì lè ní díẹ̀. Bí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá máa ń yún yín létí, níkẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń fà á, ẹ tètè sọ ọ́.

Ike ni kí ẹ béèrè jù, torí òun ló ń jẹ. John Charnley, dókítà ní Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ lo Teflon, irú èyí tó wà lójú páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́. Láàárín ọdún mélòó kan ó ti jẹ tán. Ní 1962 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo polyethylene, ẹbí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ṣùgbọ́n tí tirẹ̀ nípọn, tó sì lágbára ju ti ọ̀rá lọ fíìfíì. Nígbà tó bá ń jẹ, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tí ojú ò lè rí ni ara ń bá jà, ìjà náà ló ń jẹ egungun tó wà láyìíká, tí irin fi ń mì. Ẹ bi dókítà bóyá “cross-linked” ni, èyí tí wọ́n ti fi ìtànṣán mú le. Ìyẹn kì í tètè jẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ SS, tí orí egungun itan yín kú nítorí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹni ọdún 25 ṣì máa rìn lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí owó bá wà, rogodo séráámíìkì (ẹbí tánganran) lórí ike cross-linked ni èmi máa gbà yín níyànjú kí ẹ bi dókítà. Séráámíìkì kì í tètè họ. Ó lè fọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Irin lórí irin, ẹ má gbà á: ní 2010 wọ́n kó irú rẹ̀ kan kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, torí àwọn tó ní láti padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn nítorí rẹ̀ pọ̀ jù; kóbáàtì rẹ̀ náà sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn.

Sìmẹ́ǹtì tiwa, tí a fi ń mú irin dúró nínú egungun, kì í ṣe ti bíríkìlà. Ìyẹ̀fun àti omi kan ni a ń pò pọ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ta ní imú bíi ti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ èékánná. Nígbà tí kò bá lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ mọ́, dókítà á gbà á. Èmi á di ìwọ̀nba kan mú sí àtẹ́lẹwọ́; á gbóná, á gbóná sí i, títí màá fi sọ pé, “Ó ti le, sà.” Kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ege kọ̀ọ̀kan ló ní sítíkà tirẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ nínú páálí. Ẹ ti sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gbé yín wọlé pé ẹ fẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. REF ni nọ́ńbà ohun náà, LOT sì ni ti ìpín tí wọ́n bá ṣe é jáde. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ ọ̀tún tàbí òsì, àti orúkọ dókítà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí àbúrò yín lórí WhatsApp kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù.