Bí a ṣe ń ti inú laptop pa kí olè tó gbé e

Ẹni tó bá ń gbé laptop wọ dáńfó láti Ọ̀ṣòdì lọ sí CMS mọ̀ pé nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń já a gbà. Laptop ṣeé tún rà ní Computer Village n'Ìkẹjà; ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ò sí lórí àtẹ. Páásíwọ̀ọ̀dù nìkan ò sì gbà yín: olè á tú dísìkì, á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, fáìlì yín á wà ní gbangba.

Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì sórí hard disk ọ̀tọ̀. Bí owó ò bá sí, flash 64GB náà ń ṣiṣẹ́. Alálẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣe é. Ilé ni kó máa gbé, kó má wọ báàgì laptop rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ so chaja mọ́ laptop, kí ẹ tan BitLocker, ohun tó ń ti inú dísìkì pa, lórí Windows Pro. Ti Home ń jẹ́ Device encryption, ti Mac ni FileVault. Bí ẹ ò bá rí ìkankan, ọ̀fẹ́ ni VeraCrypt.

Recovery key, nọ́ńbà tí ẹ ó fi ṣí dísìkì bí kò bá fẹ́ ṣí mọ́, ló ń da gbogbo ènìyàn láàmú. Ti BitLocker jẹ́ nọ́ńbà 48, mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ. Àbúrò mi tọ́jú tirẹ̀ sórí Desktop laptop náà gan-an, bí ẹni ti ilẹ̀kùn tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sí yàrá. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ motherboard, ojú búlúù yọ, ó ní kó mú nọ́ńbà wá. Engineer ń fi screwdriver họrí. Kò sóhun tó lè ṣe ju kó nu gbogbo rẹ̀, kó fi Windows tuntun sí i. Ẹni tó bá ní òun á ṣí i fún yín, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Báírò àti ìwé ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹ ti ń kà á jáde látinú ìwé. Èmi mọ̀ pé 3 mi máa ń jọ 8. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Súrùlérè nìwé tèmi wà. Ó tún lè wà nínú àkáǹtì Microsoft yín, ṣùgbọ́n bí fóònù tó ń gba kóòdù ìwọlé rẹ̀ bá wà nínú báàgì kan náà, olè ti kó méjèèjì.

Kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì, ẹ pa á pátápátá, ẹ má kàn pa ìdérí dé: bí ó bá kàn ń sùn, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.