Bí mo ṣe dán bébà wò kí n tó fi ṣe móòdù ìtẹ páànù

Àwo páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ la fẹ́ tẹ̀, owó móòdù onírin (ohun tí a ń tẹ páànù mọ́ kó lè gba ìrísí rẹ̀) sì pọ̀ ju irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pinnu láti lẹ páálí pọ̀ ní ìpele-ìpele kí n sì gbẹ́ móòdù náà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ ẹrù tí bébà tí a fi ṣe páálí náà lè gbé.

Ọ̀rinrin ni mo kọ́kọ́ mójú tó, nítorí bébà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá sì ti fà á, fọ́nrán rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín inú rẹ̀, a rọ̀. ISO 187, ìlànà àgbáyé lórí ipò afẹ́fẹ́ tí a ti ń dán bébà wò, ní kí yàrá ìdánwò wà ní 23°C pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó gba àwọn ilẹ̀ olóoru láàyè láti lo 27°C àti ìdá 65, èyí tó bá ojú ọjọ́ Nàìjíríà mu jù. Òun ni mo lò.

Fún ìdánwò fífà, mo gé bébà ní ìbú mìlímítà 15, mo fi mìlímítà 180 sílẹ̀ láàárín ẹnu ìdìmú méjèèjì, ẹ̀rọ sì ń fà á ní mìlímítà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí a gé ní òòró, níbi tí ẹ̀rọ ìṣebébà ti to ọ̀pọ̀ fọ́nrán sí, gbé ẹrù ju ti ìbú lọ, àmọ́ ti ìbú ló nà jù kó tó já. Ìdí nìyí tí mo fi ń dábùú ìpele kan lórí èkejì nígbà tí mo ń lẹ̀ wọ́n.

Síbẹ̀, ní tèmi, ìdánwò fífún pọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí títẹ̀ ni móòdù ń fara dà. Òkìtì bébà kọ́kọ́ rì wẹ́rẹ́, nítorí àlàfo àárín fọ́nrán ń dí, lẹ́yìn náà ó le gan-an lójijì. Nígbà tí mo tú ẹrù kúrò, kò padà sí gíga rẹ̀ àtijọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n láti ìgbà kejì lọ, ìyípadà náà kéré. Nítorí náà, mo fi ẹrù tó ju ti iṣẹ́ lọ tẹ gbogbo páálí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ kí n tó gbẹ́ ẹ, mo sì yí gbogbo igun rẹ̀ róbótó, torí igun mímú ni bébà kọ́kọ́ ń fọ́.