Bí A Ṣe Ń Wá NGC 4387 Rí Láàárín Agbo Gálásì Virgo

Ẹni tó bá fẹ́ rí NGC 4387, gálásì kékeré kan (gálásì ni ọ̀pọ̀ yanturu ìràwọ̀ tó kóra jọ), kó kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀ ná. Àwọn ńláńlá tó yí i ká ni ká wá. Tí a bá ti bá wọn, a ó mọ ibi tí kékeré náà fara pamọ́ sí.

Gálásì tó rí roboto bí ẹyin ni. Kò ní apá tó yípo bíi ti gálásì tiwa, ìràwọ̀ tó ti gbó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú agbo Virgo ló wà, níbi tí gálásì tó ju 1,000 lọ ti wà pa pọ̀, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé láàárín ọdún kan). Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ máa rí lálẹ́ ọjọ́ náà ti gbéra tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn tó dé ayé.

Ẹ mú àkókò dáadáa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láàárín oṣù kẹrin, nǹkan bí agogo méjìlá òru ni apá ọ̀run yìí máa ń dé òkè orí wa. Tó bá fi máa di àárín oṣù karùn-ún, kò ní tó agogo mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó wà ní London máa rí i ní ìhà gúúsù, ó máa ga ju ìdajì ọ̀run lọ díẹ̀. Wàhálà tiwa nílé ni pé eruku ọyẹ́ kì í tètè kúrò, òjò kì í sì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Alẹ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ojú ọ̀run tán, tí ìkùukùu ti ká, lèmi fẹ́ràn jù. Kò gbọdọ̀ sí òṣùpá rárá.

Ẹ jáde kúrò nílùú ńlá, torí iná ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó á gbé e mì. Tó bá jẹ́ abúlé lẹ ń lọ, ẹ fi tó baálẹ̀ létí ṣáájú, kẹ́ ẹ má sì dá lọ. Ẹni tó gbé irin gbọọrọ kalẹ̀ sínú oko lóru, yóò rojọ́ fún àwọn ọdẹ!

Awò awọ̀nàjíjìn tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 8 ló dáa fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó kéré sí i lè fi àwọn ńlá hàn, àmọ́ ẹ máa làágùn kẹ́ ẹ tó rí NGC 4387. Ohun kan wà tí ìwé táwọn ará Yúróòpù kọ kì í sábà mẹ́nu bà: irú awò Dobson tó ń jókòó sínú àpótí nílẹ̀ kì í fẹ́ yí dáadáa tí ẹ bá nà án sókè ṣánṣán, òkè ṣánṣán níbí sì ni Virgo ń gbà kọjá. Torí náà, ẹ ṣe é ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú kó tó dé òkè, tàbí lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀.

Kí ẹ tó fojú kan awò, ẹ jókòó sínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ pa fóònù. Tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọ̀rá pupa bò kò ní ba ojú jẹ́.

Ó yá, ẹ wá Denebola, ìràwọ̀ tó wà níbi ìrù Leo, àwòrán kìnnìún tí àwọn ìràwọ̀ yà sójú ọ̀run, àti ìràwọ̀ Vindemiatrix nínú àwòrán ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Virgo. Áàpù Stellarium máa fi méjèèjì hàn yín. Ẹ wò ó nílé kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ fọkàn fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, kẹ́ ẹ sì kọjú awò sí àárín gbùngbùn rẹ̀, pẹ̀lú awò ojú (dígí kékeré tí à ń fojú sí) tó ń fi ibi tó fẹ̀ jù hàn. Gálásì ńlá méjì máa yọ bí ègé òwú: M84 àti M86. Charles Messier, ará Faransé tó máa ń wo ojú ọ̀run, ló kọ méjèèjì sílẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1781. Àlàfo tó wà láàárín wọn ju ìdajì fífẹ̀ òṣùpá lọ díẹ̀. M86 yìí ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa ní nǹkan bíi kìlómítà 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ sísá ni ọ̀pọ̀ gálásì ń sá fún wa.

Ẹ wá pààrọ̀ awò ojú sí èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 100. Ojú èèyàn ló wà níbẹ̀ yẹn: M84 àti M86 ni ẹyinjú, gálásì NGC 4388 ni ẹnu, gálásì NGC 4402 ni ìpéǹpéjú tó wà lókè M86. Imú ni NGC 4387. Dígí Dobson máa ń dorí nǹkan kodò, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú.

Tí ẹ bá tẹjú mọ́ imú yẹn, ó máa pòórá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, bíi pé M84 ni ọ̀rọ̀ kàn, torí àárín ojú wa kì í ríran nínú òkùnkùn tó etí rẹ̀. Tí kò bá yọ síbẹ̀, ẹ fi ìka kan ara awò pẹ́pẹ́; ohun tó bá ń mì ni ojú máa ń tètè mú. Ẹ fún un láyè, ó lè yọ kó tún lọ.

Ẹni tó bá kánjú lè pe NGC 4388 ní NGC 4387. NGC 4388 mọ́lẹ̀ jù, ó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, torí ẹ̀gbẹ́ ló kọ sí wa. Èyí tí à ń wá kéré, ó rí roboto, àárín rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju etí lọ. Kò sí àwọ̀ kankan. Eérú ni gbogbo rẹ̀ máa rí, ẹ má retí fọ́tò.

Tí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, gálásì M87 wà ní bíi fífẹ̀ òṣùpá méjì àtààbọ̀ sí ìlà-oòrùn M86, díẹ̀ sí gúúsù. Inú rẹ̀ ni ihò dúdú (ohun tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀) tí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2019 wà.