Òru ni kí ẹ ṣètò sílẹ̀ fún: alẹ́ méjì nínú ilé pákó lórí òkè Èkìtì

Ilé pákó tí wọ́n kọ́ sí ibi ìgbafẹ́ lórí òkè ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn, ó sì ní bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn. Wọ́n á di ẹrù bí ẹni tó ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì n'Ìbàdàn, ọkàn wọn á balẹ̀, títí wọn á fi pa jẹnẹrétọ̀, tí òtútù á máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, tí eku á sì máa tú báàgì gààrí nínú òkùnkùn. Ọ̀sán kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lórí òkè Èkìtì. Òru ni kí ẹ ṣètò sílẹ̀ fún.

Ìṣirò ibí yìí jẹ́ ti èèyàn 6 fún alẹ́ 2, Ìkógòsì la sì fi ṣe ibùdó. Ibẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé, ilé tí àlejò lè sùn sì wà níbẹ̀. Omi Àrìnta tó ń já wálẹ̀ látorí àpáta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ sùn sójú kan, kí ẹ fi ọ̀sán lọ wo èkejì. Kíkó ẹrù láti ilé kan bọ́ sí òmíràn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìyà lásán ni.

Àárín oṣù Nọ̀fẹ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ Disẹ́ńbà ló dáa jù. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn, igbó ṣì tutù, omi ṣì wà lórí àpáta, ọyẹ́ ò sì tíì le. Tó bá di Jánúárì, omi á ti fà, ọyẹ́ á máa la ètè, koríko á ti gbẹ débi pé iná kékeré lè di ti gbogbo òkè. Ẹ má tìtorí pé òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú Ọ́gọ́ọ̀sì lọ gba ilé sílẹ̀. Ìsinmi yẹn kò ṣeé gbára lé, àpáta tútù sì ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ pe ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ má bi wọ́n bóyá iná wà. “Iná wà” ni gbogbo wọn máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mélòó ni wọ́n ń pa á. Ṣé omi ń yọ nínú ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀, àbí wọ́n ń pọn ọ́n wá nínú kòrọ́bà? Ṣé wọ́n gbà kí àlejò dáná níta, níbo sì ni? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ta ló ń wọlé? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi fóònù ya fídíò yàrá náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ rí nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé. Fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n kun ilé ní ọ̀dà kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ gba rísíìtì.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn lè gba Ifẹ̀, Iléṣà, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, Àrámọ̀kọ, kó tó yà sí Ìkógòsì. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kún fún kọ́nà ni agbègbè Ẹ̀fọ̀n. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, jíà kékeré ni kí ẹ fi di ọkọ̀ mú. Bí ẹ bá tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ láìtú u sílẹ̀, á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tó bá yá kò ní dì í mú mọ́. Ẹ ra epo kún táńkì ní Iléṣà, tàbí ní Adó-Èkìtì bí ẹ bá gba ibẹ̀ wá, kí ẹ sì rí i pé ẹ débẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, torí ojúmọmọ lèèyàn fi ń rí àléébù yàrá.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ báàgì kalẹ̀, ẹ gbé fóòmù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀ àti sí igun àjà, nítorí agbọ́n àti àkekèé. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ pákó ilẹ̀ láti ìdí ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà. Pákó tó le máa dún “kò”. Èyí tí ikán, kòkòrò ajẹgi tàbí omi ti jẹ máa rọ̀ wọlẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ẹ lè rí ìyẹ̀fun díẹ̀ lẹ́bàá ihò rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ yàrá. Tí nẹ́ẹ̀tì bá ya, abẹ́rẹ́ àti òwú á yanjú ẹ̀. Ẹ ká aṣọ ìnura àtijọ́ kan dí abẹ́ ilẹ̀kùn lálẹ́: ejò, eku àti òtútù, ojú kan náà ni wọ́n ń bá wọlé.

Ní ti omi mímu àti ti oúnjẹ, lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́ tó. Báàgì píọ́ wọ́tà 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rá 20 oní-ìdajì lítà nínú, á fún yín ní lítà 60. Lítà 48 ni ẹ máa lò fún ọjọ́ méjì gbáko, láti ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìyókù jẹ́ èlé. Sílíńdà gáàsì oníkílò 3 tó gbé ojú iná lérí á sìn yín dópin. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò nílé. Tó bá ń hó, gáàsì ń jò nìyẹn. Ẹ din ata ọbẹ̀ títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ tán, tí epo á léfòó. Ọbẹ̀ tó bá lómi á kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí á fi hó dáadáa. Ẹ̀wà, ìrẹsì, gààrí àti ẹja gbígbẹ, ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu yín ṣe tó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé pọ́ńdò wá sí Èkìtì. Ẹ wá ìyá oníyán kàn láàárín ìlú.

Gbogbo oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó lómorí tó dé pa. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lè kó ibà Lassa ran èèyàn, àgàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tútù tí a sì fi ń mu gààrí kò lè pa kòkòrò rẹ̀. Èyí tí eku bá ti kàn, ẹ dà á nù, kò sí “ẹ kàn bu òkè ẹ̀ kúrò”.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti ní búláńkẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn, súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Bó ti wù kí òtútù mú yín tó, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá. Nínú ilé tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, èédú ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò lóòórùn, tí kò ṣeé rí, tí á gba ẹ̀mí ẹni tó ń sùn láìjẹ́ pé ó ta jí. Ohun kan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń ṣe. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì sì ń gbé yín, ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀. Àbẹ́là náà kò yẹ ilé pákó.

Ẹ gbá bàtà yín mọ́lẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má sì fi okùn so ó pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ di igi mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ejò bù jẹ kó má baà mì, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ti béèrè ọsibítù tó ní oògùn oró ejò kí ẹ tó kúrò nílé.

Tí ẹ bá lọ sí Àrìnta, ẹ mú ọmọ ìlú tó mọ̀nà dání, kí ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní eyín. Tí omi bá ṣàdédé di pupa, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bá ń bá a bọ̀, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn. Ẹ kúrò nínú omi, ẹ má dúró ya fọ́tò. Àwọn òkè kan wà tó jẹ́ ibi ìbọ, bíi Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kí ẹ tó gun irú wọn.

Ní ti omi gbígbóná Ìkógòsì, ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ síbẹ̀, tí oòrùn ti mú wọn láàgùn tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ̀yin lọ, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo igi, tí òtútù òru kò tíì kúrò léjìká yín. Ẹ mú aṣọ ìnura tó gbẹ dání, kì í ṣe èyí tí ẹ fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn o.